Ìkúnlẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Orúnkún mi ló kó mi sí wàhálà ní Port Harcourt, kì í ṣe ẹnu mi. Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa kì í gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnu tí Ọlọ́run fún mi yìí ti kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1969, nígbà tí ogun ṣì ń jà, tí mo ń lọṣọ ní lọ́ńdìrì kan lẹ́bàá èbúté, orúnkún méjèèjì yìí ni wọ́n fẹ́ fi já ọmọ mi lẹ́nu ọmú.

Ọkọ mi ló gbé mi débẹ̀. Mẹkáníìkì ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni. Nígbà tí àwọn ṣójà ìjọba àpapọ̀ gba ìlú náà, tí wọ́n sì tún èbúté ṣí, wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Èkó lọ síbẹ̀. Ó ní kí n dúró lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ogun á fi parí. Mo ní ta ló sọ ọjọ́ tó máa parí fún un? Mo di ẹrù mi, mo tẹ̀ lé e, tòun ti oyún oṣù méjì nínú. A rí yàrá kan ní Borokiri, ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi, ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í sinmi. Kò pẹ́ tí mo fi rí iṣẹ́ ní lọ́ńdìrì náà.

Aṣọ ibùsùn àwọn atukọ̀, ti ọsibítù, àti yunifọ́ọ̀mù àwọn ọ̀gá ṣójà là ń fọ̀. Àwa obìnrin mọ́kànlá la máa ń dúró ti tábìlì, tá a ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọṣọ, nítorí iná ìjọba ń ṣe ségesège. Aago méje àárọ̀ la ń wọlé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ń jáde. Bí agogo ọ̀sán bá lù, ìdí tábìlì rẹ lo ti máa jẹun, torí wọn kì í ṣí géètì fún ẹnikẹ́ni. Fọ́máànù wa jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sétí nígbà gbogbo, bóyá ó ń wò ó pé kò tíì kú. Òun ló ń lu agogo, òun ló sì ń ti géètì.

Mo ṣiṣẹ́ náà títí ikùn mi fi ń kan tábìlì. Mo bí ọmọbìnrin, ó rí bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀, ojú ìyá mi ló gbé wá sáyé. Nígbà tó pé oṣù méjì, fọ́máànù ránṣẹ́ pé bí n kò bá padà, ẹlòmíràn máa gba tábìlì mi. Mo gbé ọmọ fún màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, obìnrin Kalabari tó fẹ́ràn ọmọ ju oúnjẹ lọ. Mo ro ògì, mo ra mílíìkì inú agolo, mo ra fídà. Mo ní mo ti ṣe gbogbo ohun tí abiyamọ lè ṣe.

Ọmọ kọ̀. Àní ó kọ̀ jálẹ̀! Bí màmá náà bá fi ògì kàn án lẹ́nu, á tú u dà sí màmá lára. Bó bá jẹ́ fídà ni, á di ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹ́rìí èké. Á máa wò mí láàárọ̀ bí mo bá ń jáde, á sunkún títí ohùn rẹ̀ á fi há. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, eegun èjìká rẹ̀ ti ń yọ. Èmi náà ń gbé ọmú tó kún dùgbẹ̀dùgbẹ̀ kiri nídìí áyọ́ọ̀nù. Bó bá ti ń tó aago mẹ́wàá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn mí, omi ọmú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, búláòsì mi á tutù dé ìgbànú, màá máa fi ìgbọ̀nwọ́ bò ó. Ó máa ń kán sórí ṣíìtì funfun, màá sì yára fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ibẹ̀.

Obìnrin tó wà nídìí báàfù sítáàṣì ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti dàgbà jù wá lọ, ọmọ ilẹ̀ Okrika ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú ogun. Màmá Sítáàṣì la máa ń pè é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó fà mí sẹ́yìn àwọn aṣọ tí a sá, ó bọ́ gèlè orí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

“Tie am,” ló wí. “Tie am strong. Three days e go pain you, den e go dry.”

Mo bi í léèrè bóyá òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, níbí yìí náà ni. Ó padà sídìí báàfù rẹ̀.

Mo dì í. Ọjọ́ kan péré ni mo lè fara dà á. Ìrora yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ̀. Lálẹ́, ọmọ mi gbá ọmú mú, kò rí nǹkan kan tó dára fà, ó yọ ẹnu, ó wò mí. Mo tú gèlè náà sọ nù. Mo ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ o, ọmọ yìí máa mu ọmú, bó di ogun kó di ogun, ogun kúkú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Pákó kan ti jẹrà lára ọgbà ẹ̀yìn lọ́ńdìrì náà. Bí aago mẹ́wàá bá ti ku díẹ̀, màá gbé áyọ́ọ̀nù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá ní mo fẹ́ lọ tọ̀, màá gba ibi pákó náà yọ, ó di eré. Ilé wa kò jìnnà síbẹ̀; màá fún ọmọ lọ́mú, màá sáré padà. Mo ṣe é lọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin tí mo ń bá ibẹ̀ wọlé, tí mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú, tí ẹ̀kejì ṣì wà níta, bàtà fọ́máànù ni mo kọ́kọ́ rí. Ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sétí, ó ní kí n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá.

Òyìnbó ni ọ̀gá wa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n la máa ń rí i. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, kàlàákì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú táípù. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.”

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ìyá mi a máa ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí orúnkún ọmọbìnrin kò bá tíì kan ilẹ̀, ọjọ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ń kúnlẹ̀ kí ẹni tó ń kiri epo kẹrosíìnì bó bá ti jù mí lọ. Nílé ọkọ mi, mo ń kúnlẹ̀ kí ọmọ ọdún méje, nítorí wọ́n bí i ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, ọmọ ọ̀hún á sì máa dáhùn bí baálé. A máa ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ náà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ máa ń sọ pé òun ń bẹ̀bẹ̀, á fọwọ́ ra ọwọ́, á wá àgbà tó máa bá òun bẹ̀bẹ̀. Ta ni yóò wá rí ẹni tó kúnlẹ̀ láàárọ̀ tó ní “ẹ káàárọ̀,” tí yóò ní ó ti jẹ̀bi?

Òyìnbó rí mi nílẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún kàlàákì, imú ló fi ń sọ ọ́, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ. Kàlàákì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Nígbà tó fi máa parí, mo ti dìde, mo ti ń múra láti sọ ti ọmọ mi fún un. Wọ́n ti ìwé sí mi pé kí n fọwọ́ sí i. Wọ́n rò pé mi ò lè kàwé. Mo ka ìwé mẹ́fà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì gba ẹ̀bùn ìwé kíkà.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi obìnrin báyìí jẹ́wọ́ pé mo yọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Pé mo ti kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, mo ti bẹ̀bẹ̀. Pé ọ̀gá ti fojú àánú wò mí. Pé láti òní lọ, n kò ní kúrò nídìí tábìlì títí agogo ìparí iṣẹ́ fi máa lù, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

“Mo bẹ̀bẹ̀?” Ara mi gbóná. “Èmi? Who beg?”

Fọ́máànù ní, “You no kneel down? I see am with my two eyes.”

Mo ní mo kí wọn ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní ó ti tán, ó fún mi ní ìgbà títí di ọjọ́ Ẹtì láti fọwọ́ sí i, bí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí n wá ibòmíràn lọ. Ọjọ́ Ajé lọjọ́ náà. Fọ́máànù sìn mí dé géètì, ó ní láìfọwọ́ sí ìwé, kò sí áyọ́ọ̀nù.

Ọkọ mi ka ìwé náà nírọ̀lẹ́.

“Fọwọ́ sí i, Ìyá Ọmọ,” ló wí. “Ìlú yìí kọ́ ni ìlú tí èèyàn ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni fi ilé ọtí sílẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà ẹ ti gbà pé mo bẹ̀bẹ̀?”

“Kì í ṣe ti ẹ̀bẹ̀ ni mo ń sọ.”

“Ti ẹ̀bẹ̀ lèmi ń sọ! Ẹ gbé ọmọ yìí.” Mo gbé e lé e lọ́wọ́. “Ẹ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ẹ ní kí n fọwọ́ síwèé lórí ìyẹn.”

Ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ, ó sì tún fọwọ́ kàn án. Kò bínú, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní èbúté pé òfin kan wà fún abiyamọ tó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òun ò mọ bó ṣe lọ. Ó ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Lébọ̀, ti ṣí padà láàárín ìlú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo fi pọn ọmọ.

Ọkùnrin tó wà ní Lébọ̀ ti hu ewú, ó wọ awò, ará ọ̀nà Calabar ni. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde, pé níbí, ìdúró la fi ń rojọ́. Mo ro tẹnu mi fún un láti orí ògì títí dé orí pákó tó jẹrà. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó fa ìwé kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Ó ṣí i, ó fi ìka tẹ ibì kan, ó ní kí n fẹnu ara mi kà á. Mo kà á. Obìnrin tó bá ń tọ́jú ọmọ lọ́mú, ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, nínú àkókò iṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fún un. Mo tún un kà. Omijé bọ́ lójú mi, mo sì ń bínú pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mo ń gba ojú pákó lọ jí, èmi ni mo ni ín!

Bàbá náà ní òun máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wá bọ́ awò rẹ̀.

“My daughter, one thing,” ló wí. Ó ní ìwé tí kàlàákì tẹ̀ ti sọ pé mo bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé àánú lòun ń wá, kò gbà pé ẹ̀tọ́ lòun ń béèrè. Ó ní bí mo bá tún wọ ọ́fíìsì yẹn tí mo tún kúnlẹ̀, ọ̀gá á nàka sí mi, á ní ẹ ò rí i? “So, stand up. You hear me? Stand.”

Mo ní mo gbọ́. Ẹ ò mọ bí ìdúró ṣe ṣòro tó. Lálẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi gbé àga sójú fèrèsé, ó dé fìlà òjò rẹ̀, ó ní òun ni òyìnbó. Mo jáde, mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé, ó fi imú sọ̀rọ̀, “Good morning,” orúnkún mi tẹ̀. Ó ní, “Padà!” Mo padà. Mo tún wọlé, ó tún tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbá itan mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó fẹ́ mú ewúrẹ́. A rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Màmá Kalabari yọ orí wọlé, ó bi ọkọ mi bóyá ó fẹ́ fi ìyàwó rẹ̀ ṣe ṣójà ni. Lẹ́ẹ̀keje, mo dúró. Ọkọ mi ṣí fìlà fún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wọ bàtà, mo we gèlè mi le. Ọmọ mi ti mu ọmú yó láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń padà bọ̀, ìyẹn fún mi lágbára. Wọ́n pè mí. Mo wọlé, mo rí ọ̀gá, mo dúró gbọingbọin. Mo rí fọ́máànù, mo dúró. Mo wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, bàbá Lébọ̀ ló jókòó síbẹ̀, ewú orí rẹ̀ funfun báláú, àárọ̀ sì ni. Mi ò mọ ìgbà tí mo délẹ̀. Orúnkún méjèèjì!

Bàbá di ojú rẹ̀ méjèèjì. Fọ́máànù húkọ́. Ọ̀gá na ọwọ́ sí mi, ó yíjú sí bàbá, ó ní, “You see?”

Ojú tì mí, kí n má purọ́. Mo fẹ́ fò dìde. Àmọ́ bí mo ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀, inú kan bí mi tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Kí ló dé tí màá fi dìde bí olè? Ṣé ìkúnlẹ̀ ìyá mi ni ẹ fẹ́ kí n sá fún? Mo dúró síbẹ̀ lórí orúnkún mi, mo gbójú sókè, mo na ìka sí kàlàákì.

“Write am,” mo wí. “Write am now. Na greet I dey greet. I no dey beg.”

Kàlàákì wo ọ̀gá. Bàbá la ojú rẹ̀, ó ní kó kọ ọ́. Mo wà nílẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí táípù dún. Mo wá ní kó fi kún un pé mo kí àgbà tó wà nínú yàrá yìí bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, pé mo ti kí wọn tán, pé mo fẹ́ dìde báyìí láti sọ ohun tí mo bá wá. Bàbá túmọ̀ pijin mi sí Gẹ̀ẹ́sì geere. Táípù tún dún. Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò lára ìró mi.

“Ìdajì wákàtí ní aago mẹ́wàá, ìdajì wákàtí ní aago méjì,” mo wí, mo sì tún un sọ lédè tí ọ̀gá gbọ́. Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, wọ́n lè kọ̀ fún mi. Èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n lè kọ̀. Mo gbé ìwé wọn lé orí tábìlì, láìfọwọ́ sí i.

Bàbá ti ìwé òfin sún mọ́ ọn. Ọ̀gá kà á, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ṣí ojú ewé, ó tún padà sẹ́yìn. Ó béèrè bóyá ti gbogbo obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ni. Bàbá ní ti gbogbo wọn ni. Ọ̀gá mú ìwé tí n kò fọwọ́ sí, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ó ní aago mẹ́wàá àti aago méjì, lẹ́nu géètì, kò gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú kan lé. Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Mo ní ẹ ṣeun, sà, orúnkún mi fẹ́ tẹ̀, mo kìlọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́wàá lù. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo gba àárín àwọn tábìlì kọjá, mo gba iwájú fọ́máànù, ó ṣí géètì. Màmá Kalabari ti gbé ọmọ dúró dè mí. Mo jókòó lórí àpótí ọṣẹ tó ṣófo, ọmọ mi gbá ọmú mú bí ẹni tó ni ín.

Màmá Sítáàṣì tọ̀ mí jáde, ọwọ́ rẹ̀ funfun. Ó dúró, ó ń wo ọmọ.

“So e dey for book true true?”

“Ó wà níbẹ̀, Màmá. Mo fẹnu ara mi kà á.”

Ó ní, “That time wey I tie my own. E dey the book that time?”

Mo rántí ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ já, tí wọ́n fi okùn so. Ìwé náà ti dàgbà ju ogun lọ, ó ti dàgbà ju òmìnira lọ pàápàá. Mo fẹ́ purọ́ fún un, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo ní, “Ó wà níbẹ̀, mà.”

Ó mi orí. Mo bi í, kí n tó rò ó wò, pé ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó ti dàgbà. Ó fi ìka kan tó ní sítáàṣì kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mi.

“She no stay,” ló wí.

Fọ́máànù ti jáde, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sétí, ó mú agogo dání, ó ní kí n dìde, àkókò ti tó. Kò tíì tó. Màmá Sítáàṣì yíjú padà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dí ẹnu géètì, sítáàṣì ń kán sílẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

“E never reach,” ló wí fún un.

Kò kúrò níbẹ̀ títí ọmọ mi fi yó, tó fi fúnra rẹ̀ yọ ẹnu.